Ta Ni Ká Rà? Ìtàn Títà àti Ríra Agbábọ́ọ̀lù Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé tí gbogbo wa ti sọ títí tí ẹnu fi ń dùn wá. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹnikẹ́ni tó bá kúrò nílé bàbá rẹ̀ láti wá ṣiṣẹ́ tàbí láti wá kàwé lábẹ́ ìwé tí ẹlòmíràn mú lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìpàdé wa kan nínú oṣù Keje, nígbà tí ìrẹsì ti tán nínú ìkòkò, àwọn kan lára wa jókòó ti tábìlì, wọ́n ń jiyàn. Gbogbo wa la mọ irú iyàn bẹ́ẹ̀. Àsìkò oòrùn àwọn òyìnbó ni, sáà bọ́ọ̀lù kan ti parí, òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù fún alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ láti ṣe ni kí ó máa fi owó tí kì í ṣe tirẹ̀ ra ọjà.

Ọ̀kan ní: "Agbábọ́ọ̀lù iwájú ni Arsenal nílò, ẹni tó bá dé ojú àwọ̀n tí kò ní máa wo òkè."

Èkejì ní: "Irọ́ lo pa. Àárín ló ń jò. Ilé tó ń jò, àga tuntun kọ́ la kọ́kọ́ ń rà sí i."

Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ ti Manchester United, ní kí àwọn méjèèjì má bínú: "Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ilé tó ń jò. Tiwa ti wó, ẹni tó máa bá wa kó bíríkì là ń wá."

Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti fa fóònù yọ, ó ní wọ́n ti rí agbábọ́ọ̀lù kan báyìí ní pápákọ̀ òfurufú. Ta ló rí i? Kò mọ̀. Ta ló sọ fún ẹni tó sọ fún un? Kò mọ ìyẹn náà. Kí a tó fọ abọ́ tán, àwọn ará ibi tábìlì ti ra ènìyàn mẹ́ta, wọ́n ti ta márùn-ún, wọ́n sì ti lé kóòṣì kan lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, tó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló wá béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, ṣé ènìyàn lẹ ń rà yìí ni àbí àgbò iléyá?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. Ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì, nítorí náà mo ní kí n wá ìdí ọ̀rọ̀ náà débi tó ti ṣẹ̀. Ohun tí mo rí rèé.

Bí ọjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1885 ni Football Association, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà pé kí wọ́n máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù ní gbangba. Kó tó di ìgbà náà, abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń san án. Ní 1888, ẹgbẹ́ 12 láti àríwá àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà, parapọ̀ dá Football League sílẹ̀.

Bí owó ti dé ni wàhálà dé. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá lè wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ní sáà yìí, kó sì wà lọ́dọ̀ ọ̀tá wọn ní sáà tó ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kékeré ké gbàjarè pé àwọn olówó yóò kó gbogbo ọmọ àwọn lọ. Nítorí náà, láti 1893, League ṣe òfin kan: ẹgbẹ́ tó bá ti fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ló ni orúkọ náà. Bí ìwé àdéhùn ọdún kan bá tilẹ̀ parí, ẹgbẹ́ náà lè dá a dúró. Bí wọ́n kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ League mìíràn tó lè fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ẹ yóò sanwó, ẹgbẹ́ tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ni yóò sì gba owó náà, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn bàbá wa, ẹ dúró níbí díẹ̀. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ilé ni, ó ní ìdílé, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé nítorí owó tí wọ́n yá ló ṣe ń sìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà ni yóò gbé ọkọ́ rẹ̀, tí yóò sì máa lọ sílé. Agbábọ́ọ̀lù ìgbà yẹn náà kì í ṣe ẹrú. Orúkọ inú ìwé ni wọ́n ń tà, wọn kò ta ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá kan, ìwọ̀fà sàn jù ú lọ: ìwọ̀fà mọ iye tí òun jẹ. Agbábọ́ọ̀lù kò yá owó kankan, síbẹ̀ kò sí iye tí òun fúnra rẹ̀ lè san tí yóò fi bọ́.

Ọkùnrin ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn

Nínú oṣù Kejì 1905, ẹgbẹ́ Middlesbrough ń rì lọ sí ìpele kejì. Wọ́n lọ bá Sunderland, aládùúgbò wọn, wọ́n san £1,000 lórí Alf Common. Kò sí ẹni tí wọ́n tíì san tó bẹ́ẹ̀ lé lórí rí. Ariwo sọ. Àwọn kan fi í wé títa ènìyàn lọ́jà, àwọn mìíràn ní ìyànjẹ ni kí ẹgbẹ́ máa fi owó ra ara rẹ̀ kúrò nínú ewu. Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, ní ilé Sheffield United, wọ́n fún Middlesbrough ní pẹ́náritì kan. Common gbá a wọlé, wọ́n borí 1 sí 0, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ gan-an tí Middlesbrough ti borí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yìn odi. Nígbà tí sáà parí, wọn kò rì mọ́.

Mo rò pé ibẹ̀ ni àrùn tó ń ṣe wá yìí ti wọ ara àwọn alátìlẹ́yìn. Ọjọ́ náà ni wọ́n rí i pé ẹnìkan ṣoṣo, bí a bá rí ẹni tó yẹ rà lásìkò, lè gba ilé là. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá "ẹnìkan ṣoṣo" náà kiri.

Ní 1908, Football Association gbìyànjú láti dá owó náà dúró sí £350. Àwọn ẹgbẹ́ wá ọ̀nà àbùjá, òfin náà kò sì gbé ju oṣù díẹ̀ lọ kí wọ́n tó mú un kúrò. Ẹ wo bí ayé kò ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò díẹ̀. Láti 1901 ni òfin ti wà pé kò sí agbábọ́ọ̀lù tó gbọ́dọ̀ gbà ju £4 lọ lọ́sẹ̀. £1,000 tí wọ́n san lórí Common jẹ́ owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 250 fún ẹni tó ń gba iye tó ga jù lọ, ìyẹn bí ọdún márùn-ún. Ní 1928, Herbert Chapman ti Arsenal ra David Jack lọ́wọ́ Bolton ní £10,890, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí owó rẹ̀ kọjá £10,000. £8 ni owó ọ̀sẹ̀ tó ga jù lọ nígbà náà. Ẹni tó bá ń gba £8 yìí yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún 26 lọ kí ó tó gba iye tí wọ́n fi rà á. Owó tó ń lọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ń ga bí igi àràbà, owó tó ń wọ àpò ẹni tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ sì dúró bí kùkùté.

Ní tòótọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù kò káwọ́ gbera. Ní 1907 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Manchester, Billy Meredith sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ó gba ẹgbẹ́ náà ju àádọ́ta ọdún lọ. Ní 1961, lábẹ́ Jimmy Hill, wọ́n ní àwọn yóò da iṣẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n bá fagi lé òfin owó ọ̀sẹ̀, tó ti dé £20 nígbà náà. Láìpẹ́, Fulham ń san £100 lọ́sẹ̀ fún Johnny Haynes.

Ẹni tó kọ̀ láti fọwọ́ sí i

Owó ti bọ́, ṣùgbọ́n okùn ẹsẹ̀ kò tíì já. Ẹni tó já a ni George Eastham ti Newcastle. Ní 1960, ìwé àdéhùn rẹ̀ parí, ó ní òun kò ṣe mọ́, òun fẹ́ lọ. Newcastle ní kò sí ibi tó ń lọ. Dípò kí ó fọwọ́ sí ìwé tuntun, Eastham kó lọ sí gúúsù, ó ń bá ilé-iṣẹ́ kan ta èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò. Ẹ fojú inú wo ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ nílẹ̀ yìí, tó ń kiri èèpo igi nítorí pé ìwé tó ti parí kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ tó mọ̀.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, Newcastle jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Arsenal ní £47,500. Ẹlòmíràn ìbá ní ó tán. Eastham kò gbà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tì í lẹ́yìn, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́ gíga. Ní 1963, Adájọ́ Wilberforce dá a láre pé dídá ènìyàn dúró lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ ti parí jẹ́ dídí i lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ láìtọ́. Adájọ́ náà kò fòpin sí owó tí ẹgbẹ́ ń gba lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ògiri ti lanu.

Ẹni tó parí iṣẹ́ náà ni Jean-Marc Bosman, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 1990, àdéhùn rẹ̀ parí ní RFC Liège. Dunkerque ti ilẹ̀ Faransé fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ owó tí Liège ń bèèrè kò sì jẹ́ kí ó lọ. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹjọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1995, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg pàṣẹ pé ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí lè lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn nínú ìṣọ̀kan náà láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ di olówó rẹpẹtẹ. Bosman fúnra rẹ̀ kò rí jẹ nínú rẹ̀: ìgbà tí ẹjọ́ parí, ọjọ́ orí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù ti lọ, ìṣẹ́ sì bá a jà. Ẹni tó gbin ọ̀pẹ kò fi bẹ́ẹ̀ mu nínú ẹmu rẹ̀.

Tiwa ńkọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Èwo ló kàn wá nínú ìjà òyìnbó?" Ó kàn wá.

Ní 1949, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wá sí ilẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú wọn sì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ lásán. Teslim Balogun, ọmọ Èkó tí wọ́n ń pè ní "Thunder" nítorí agbára ìbọn ẹsẹ̀ rẹ̀, wà lára wọn. Ní 1955 ó padà wá, ó lọ sí Peterborough United. Ní 1956 ó bọ́ sí Queens Park Rangers, ó gbá ìdíje League 13 fún wọn, ó sì jẹ góòlù 3. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó padà sílé, ó di olùkọ́ni, ó sì kú ní 1972. Pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí a bá fi góòlù mẹ́ta wọn ọkùnrin yìí, a ó ní wọ́n rà á lásán. Nígbà tí a bá fi ọ̀nà tó là wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1960, Elkanah Onyeali, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, wọ Tranmere Rovers. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni: ìwé ló bá wá, bọ́ọ̀lù ló fi kún un.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹni tó dára ló gbọ́dọ̀ lọ. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kò fi IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kankan. Pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà ló gba ife-ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife ní Áfíríkà ní 1976, lẹ́yìn tí wọ́n ti borí Tonnerre ti Yaoundé. Nígbà tí Nàìjíríà sì na Algeria 3 sí 0 ní Èkó ní 1980 láti gba ife Áfíríkà, òun ló jẹ méjì nínú góòlù náà, Múdà Lawal jẹ ìkẹta.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ dùn mí jù ni Justin Fashanu. Fáṣànú: Ifá ṣàánú. Ìlú London ni wọ́n ti bí i ní 1961, agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ilé àwọn alágbàtọ́ ní Norfolk ló sì dàgbà sí. Ní 1979, Nottingham Forest ti san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lórí Trevor Francis, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní ọdún náà gan-an, òun ló fi orí gbá bọ́ọ̀lù tó fún Forest ní ife Yúróòpù. Owó náà jọ bí ọgbọ́n. Ní 1981, wọ́n tún san mílíọ̀nù kan lórí Fashanu láti Norwich. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí tí wọ́n san tó bẹ́ẹ̀ lé lórí. Ọmọ ogún ọdún ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ka ìwé yìí ju ogún ọdún lọ.

Kò rọgbọ fún un. Góòlù League 3 péré ló jẹ ní Forest, òun àti kóòṣì rẹ̀, Brian Clough, kò rẹ́, wọ́n sì tà á sí Notts County ní £150,000 kí ọdún méjì tó pé. Ní 1990, ó sọ ní gbangba pé ọkùnrin bíi tòun ni òun ń fẹ́. Kò sí agbábọ́ọ̀lù amọ̀ṣẹ́dunjú kan nílẹ̀ yìí tó sọ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ló kẹ̀yìn sí i, àwọn ènìyàn tirẹ̀ sì wà lára wọn. Ó kú ní 1998 lẹ́ni ọdún 37. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè rò nípa ìgbésí ayé rẹ̀, èmi ń béèrè pé: nígbà tí àwọn alátìlẹ́yìn ń ka mílíọ̀nù náà, ta ló ń ka ọmọ náà?

Ràṣídì Yẹkínì náà fi hàn wá pé ènìyàn kì í ṣe ọjà tó ń ṣiṣẹ́ kan náà níbi gbogbo. Ó ti Shooting Stars lọ sí Abiola Babes, ó lọ sí Abidjan, ó sì dé Vitória Setúbal ní Potogí ní 1990. Ní sáà 1993 sí 1994, ó jẹ góòlù 21 níbẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà 1994, ó jẹ góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ìdíje ife àgbáyé, ó sì di àwọ̀n mú, ó ń sunkún. Olympiacos ti ilẹ̀ Gíríìsì rà á lọ́dún náà. Bóyá ni wọ́n rí i lò. Ẹsẹ̀ kan náà ni, ìlú ló yàtọ̀.

Ọjà òde òní

Láti sáà 2002 sí 2003 ni ọjà ti ní àkókò ṣíṣí àti títì nílẹ̀ yìí: ẹ̀ẹ̀kan ní àsìkò oòrùn, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù Kìíní. Ìdí nìyí tí àhesọ fi ń pọ̀ bí eṣú ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ọjà tó ní àkókò títì ni ènìyàn ń sáré ná. Owó náà kò ní orí mọ́: ní 2017, Paris Saint-Germain san mílíọ̀nù 222 owó yúrò lórí Neymar.

Ẹ sì rántí Adémọ́lá Lookman, ọmọ tí a bí sí London bíi Fashanu. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2024, ó jẹ góòlù mẹ́ta fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League ní Dublin. Lọ́dún náà ni wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Ní àsìkò oòrùn 2025, ó fẹ́ lọ sí Inter, Atalanta kọ̀, ó kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé kà, ọjà sì tì mọ́ ọn lórí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Eastham, nítorí àdéhùn tirẹ̀ kò tíì parí, òun ló sì fọwọ́ sí i. Mo sọ èyí kí á má baà da ẹjọ́ rú. Ẹni tó bá ṣe àdéhùn gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Ohun tí Eastham àti Bosman jà fún ni pé kí àdéhùn náà ní òpin.

Ìparí ọ̀rọ̀

Mo padà sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa. Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe ènìyàn là ń rà, ìwé ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn wà nínú ìwé náà. Bí àwa náà ti wà nìyẹn. Ìdájọ́ Bosman kò ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ Ìbàdàn: agbábọ́ọ̀lù tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ kí ó tó fẹsẹ̀ kan koríko. Àwa tí a ń ka ọjọ́ tó kù lórí físà wa mọ bí ó ti ń rí kí ìwé kan wà láàárín ẹni àti oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí àwa mọ̀ ọ́n ju àwọn tí a jọ ń wo bọ́ọ̀lù lọ.

N kò ní kí á má jiyàn mọ́. Iyàn bọ́ọ̀lù wà lára ohun tó ń mú kí òtútù ilẹ̀ yìí ṣeé fara dà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: nígbà tí ẹni tí a rà kò bá tètè ṣe dáadáa, kí á má ṣe máa pè é ní òfò. Ẹ fún un ní àkókò tí ẹ̀yin náà bẹ olùkọ́ yín fún ní ọdún àkọ́kọ́ yín níbí. Àhesọ tí a kò mọ orísun rẹ̀, kí á má gbé e sáfẹ́fẹ́ bí òótọ́, nítorí orúkọ ọmọ ẹni kan ni.

Ní ti Arsenal, mo ti gbọ́ tẹnu gbogbo yín. Àárín ló ń jò. A ó tún pàdé ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ẹni tí kò bá gbà mú ẹ̀rí wá, kí ó sì mú ẹran dání.

Ire o.